Ìyá Tiwa Gun Òkè Lọ San Ẹ̀jẹ́

Kò sí ohun tó máa ń bí Ìbíyẹmí nínú tó kí èèyàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, kó lọ fi ṣe ìran tí Ọlọ́run fi han òun. Ohun tí Wòlíì Sylvanus sì ṣe fún un nìyẹn ní ọjọ́ Àìkú kan, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Rush Green. Wòlíì dìde nínú sùtánà funfun, ó di ojú, ó ní Ẹ̀mí fi adágún omi kan han òun láàárín àwọn òkè, ilé Ọlọ́run kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè lókè omi náà, Ẹ̀mí wá ní kí gbogbo ìjọ gbéra lọ síbẹ̀ lọ gbàdúrà. Ìjọ kígbe halelúyà. Ìbíyẹmí kò kígbe. Òun ló fi fọ́tò adágún náà han Wòlíì lórí fóònù rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ìjọ bá òun lọ síbẹ̀ lọ san ẹ̀jẹ́.

Ó fi ìgúnpá gún ọkọ rẹ̀. "Bàbá Tiwa, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ?"

"Fi sílẹ̀," ni Adétáyọ̀ wí. "Ṣebí a ṣáà máa lọ."

Bí Adétáyọ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Bọ́ọ̀sì ló ń wà ní Barking, ó sì ti gbọ́ èébú lẹ́nu àwọn èrò débi pé kò sí ohun tí kò lè fi sílẹ̀ mọ́. Àwọn ará ìjọ a máa yìn ín pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Ìbíyẹmí tó ń bá a gbé mọ̀ pé ìwà pẹ̀lẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ojo lásán ni.

Ẹfọ̀n Aláayè ni wọ́n ti bí Ìbíyẹmí, láàárín òkè. Níbi tó dàgbà sí, bí o bá fẹ́ lọ pọnmi, wàá sọ̀ kalẹ̀. Bí o bá ń bọ̀, wàá gùn ún padà pẹ̀lú ẹrù lórí. Nígbà tó dé London, Peckham ló kọ́kọ́ gbé. Lẹ́yìn náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ rí ilé háyà ní Becontree, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bíi tábìlì, tí ilé kan sì jọ èkejì débi pé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ilé onílé, ó sì ń bá a jà títí onílé fi yọjú. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè lórí fóònù pé ìlú tí kò ní òkè rárá, ibo ni wọ́n ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ìyá rẹ̀ ní kó lọ wá ṣọ́ọ̀ṣì. Bó ṣe di ọmọ ìjọ nìyẹn.

Yàrá ìfọṣọ ilé àwọn arúgbó kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ ibùsùn àti aṣọ àwọ̀sùn ló ń fọ̀ láti àárọ̀. Ìtọ̀, ìgbẹ́, èébì, ẹ̀jẹ̀, kò sí èyí tí ojú rẹ̀ kò rí, kò sì sí èyí tó ń kó o nírìíra mọ́. Bó bá di Sátidé, á tún kó aṣọ pẹpẹ àti sùtánà Wòlíì wá sílé, á fọ̀ wọ́n, á lọ̀ wọ́n, á so wọ́n kọ́ kí ọjọ́ Àìkú tó mọ́. Kò sí ẹni tó bi í léèrè rí bóyá ọwọ́ tó fi ń fọ̀ wọ́n mọ́.

Ó wá ọmọ títí. Nígbà tí oyún sì dé, kò pé oṣù méje tó fi bí Tiwaladé. Ọmọ náà kéré débi pé nọ́ọ̀sì lè gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí díńgí tí wọ́n fi ń mú ara ọmọ gbóná, wọ́n fi rọ́bà sí i nímú, wọ́n fi wáyà sí i lẹ́sẹ̀. Dókítà kan jókòó ti Ìbíyẹmí, ó sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kó má retí ohun púpọ̀. Yàrá àdúrà kékeré kan wà nínú ilé ìwòsàn náà, àwòrán kan ṣoṣo ló sì wà lára ògiri rẹ̀: adágún omi láàárín òkè, àti ilé ìsìn funfun kan lókè rẹ̀ tó dá dúró. Ìbíyẹmí wólẹ̀ síwájú àwòrán yẹn. "Ọlọ́run tó ni ilé orí òkè yìí," ó ní, "dá ọmọ yìí sí fún mi. Bó bá dàgbà, ẹsẹ̀ mi ni màá fi gùn ún wá síbẹ̀, màá fà á lọ́wọ́ wá dúpẹ́ nínú ilé náà. Èmi fúnra mi ni o. N kò ní rán ẹnikẹ́ni."

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Eden ló sọ fún un pé àwòrán náà kì í ṣe àwòrán lásán, pé ní Wales ni, nítòsí abúlé wọn, àti pé láti ayébáyé ni àwọn èèyàn ti ń rìn lọ síbẹ̀ lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ yè. Ó dàgbà, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ń bá a jiyàn lórí ohun gbogbo. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nǹkan kan á ṣáà dí ìrìnàjò náà lọ́wọ́: iṣẹ́, àìlera, àrùn tó ti gbogbo ayé mọ́lé. Bí ọ̀fìnkìn lásán bá mú Tiwaladé, àyà ìyá rẹ̀ á já. Ẹ̀jẹ́ tí wọn kò tíì san kì í jẹ́ kéèyàn sùn dáadáa. Ọmọ náà sì ti gba àyè sí yunifásítì ní Scotland báyìí, ó máa lọ nínú oṣù kẹsàn-án. Bí wọn kò bá lọ ní ọdún yìí, Ọlọ́run ló mọ ìgbà tí wọ́n tún máa lọ.

Nínú ìjọ wọn, obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọ ilé ìsìn, kì í sì í wọ sùtánà, títí ọjọ́ méje á fi pé. Ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró nìkan ló lè pọn omi tí Wòlíì máa gbàdúrà sí. Ti Ìbíyẹmí ti dúró láti bí ọdún kan, nítorí náà òun ni wọ́n yàn pé kó pọn omi adágún náà sínú kẹ́ẹ̀gì funfun kan, kó rù ú lórí gun òkè lọ sí ilé ìsìn. Iyì ńlá ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó dárí ìran tí Wòlíì jí jì í.

Nínú oṣù kẹjọ, bọ́ọ̀sì ńlá kan kó wọn ní Dagenham Heathway, ó gbé wọn dé Wales ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì sùn sí ilé àlejò kan. Ẹni tó wa bọ́ọ̀sì náà ni Kàmọ́rù, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń gbé ní Barking. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tí gbogbo èèyàn ń wẹ̀ láti lọ gun òkè, Ìbíyẹmí wọ ilé ìwẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀.

Ó jókòó síbẹ̀, ó ń wò ó. Lẹ́yìn odindi ọdún kan! Gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá, kò rí èyí tó máa yọjú sí àfi òní! Ó lè dákẹ́ o. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n kò lè gbé irọ́ lérí pẹ̀lú omi àdúrà, kò sí irú ẹ̀ nínú rẹ̀. Ó lọ bá Ìyá Victoria, aya Wòlíì, ní kọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láàárín àwa méjèèjì ni o."

Ìyá Victoria dì í lọ́wọ́ mú. "Má dààmú, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Kò ní jáde."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bọ́ọ̀sì kò tíì dé etí adágún tí Wòlíì fi dìde níwájú, tó gba máìkì lọ́wọ́ Kàmọ́rù.

"Ẹ̀yin ará, ìyípadà díẹ̀ wà. Ìyá Tiwa kò sí ní ipò mímọ́ láti àárọ̀ yìí. Ìyá Jésùfẹ́mi ló máa pọn omi. Ìyá Tiwa máa dúró nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ rántí wọn nínú àdúrà yín."

Gbogbo orí yí padà. Àwọn ọkùnrin tó ń kí i káàárọ̀ lójoojúmọ́ wò ó, wọ́n sì yára wo fèrèsé. Ìyá Jésùfẹ́mi wá gba kẹ́ẹ̀gì náà, ó fi áńkáṣíìfù di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni ń gbé eku tó kú. Ara Ìbíyẹmí gbóná láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ ti Wòlíì Sylvanus síwájú.

Wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ. Ó rẹwà, ìyẹn gan-an ló sì dá kún ìbínú rẹ̀. Omi náà tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ láàárín òkè, òkè sì dorí kodò nínú omi. Lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà tóóró kan ti lọ́ wọ àárín koríko, ilé ìsìn funfun inú àwòrán náà dúró, kò sí ohun tó yàtọ̀ lára rẹ̀. Àwọn ará ìjọ wọ sùtánà, wọ́n bọ́ bàtà wọn sí etí omi, nítorí ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Àwọn òyìnbó tó ń mú ajá rìn kọjá dúró, wọ́n ń wò wọ́n.

Tiwaladé wá sí ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. "Mummy, are you actually staying here? Nítorí period? That's mad."

"Tiwa, jẹ́ ká máa lọ," ni bàbá rẹ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀. "A máa bá Mummy dúpẹ́ níbẹ̀." Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá Tiwa, fi sílẹ̀. Ọlọ́run mọ ọkàn."

"Bàbá Tiwa, ṣé ẹ̀yin lẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ náà ni?"

Adétáyọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán lórí òkúta. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n orí ìyàwó tirẹ̀ wọ́ lójú rẹ̀, ó sì fa ọmọ lọ́wọ́, ó tẹ̀ lé àwọn èèyàn rẹ̀. Orin wọn ń gòkè lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìbíyẹmí jókòó sínú bọ́ọ̀sì, ó ń mí bí ẹni sáré. Kàmọ́rù bu tíì fún un láti inú fíláàsì rẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú sí mi o. Mùsùlùmí ni mí. Ìyàwó tèmi náà kì í kírun bó bá ń ṣe é, òfin wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn ò kéde ẹ̀ lórí máìkì rí."

Ìbíyẹmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bú jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Bó ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọ̀rọ̀ kan wá yé e kedere. Ọjọ́ tó wólẹ̀ nínú yàrá àdúrà ilé ìwòsàn yẹn, obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn náà ni ìjọ kò fi jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, tí Adétáyọ̀ ń lọ gbàdúrà láàárín wọn, tí òun nìkan dá kù sọ́dọ̀ ọmọ tó ń kú lọ. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni Ọlọ́run ti gbọ́ òun. Kò ní kó lọ wẹ̀ wá. Kò ní kó dúró di ọjọ́ méje, nítorí ọmọ náà kò ní ọjọ́ méje. Ta wá ni Sylvanus tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún Ọlọ́run?

"Kàmọ́rù, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Ìyá, òkè yẹn ga o."

"Ọmọ Ẹfọ̀n ni mí. Ẹ ṣí i."

Kò wọ sùtánà, jákẹ́ẹ̀tì àti sòkòtò ló wọ̀. Kò bọ́ bàtà, nítorí kò sí ìdí. Ó gun òkè náà pẹ̀lú ìbínú, ìbínú sì ń tì í lẹ́yìn. Orúnkún tó ń dùn ún ní yàrá ìfọṣọ ń dùn ún, inú rẹ̀ ń lọ́ ọ, ó ń bá gbogbo wọn jà bó ṣe ń lọ: ó bá Ìyá Victoria jà níbi àgbélébùú òkúta kan, ó bá Wòlíì jà níbi tí ọ̀nà ti yí, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù lọ pa mọ́ de ọkọ rẹ̀. Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn, bọ́ọ̀sì Kàmọ́rù ti kéré létí omi. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lásán kò yá nílẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, nítorí náà wọn kò tíì pẹ́ nínú ilé ìsìn nígbà tó dé. Ó gbọ́ orin wọn.

Wòlíì rí i láti inú. Ó sáré wá sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyá Tiwa! Ẹ má wọlé o! Ẹ fẹ́ ba gbogbo nǹkan jẹ́ ni?"

"Bàbá, ẹ yà fún mi."

Obìnrin òyìnbó arúgbó kan tó ń tọ́jú ibẹ̀ gbọ́ ariwo, ó dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Wọ́n kọ Rosemary sí àyà aṣọ rẹ̀. Ó béèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló dé tí wọ́n fi ń dí obìnrin yìí lọ́nà, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn ni ilé náà wà fún. Wòlíì ní ọ̀rọ̀ ìjọ ni. Rosemary ní ọ̀rọ̀ wo? Wòlíì fọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ẹni tó fi máìkì kéde rẹ̀ fún odindi bọ́ọ̀sì ní Yorùbá, ojú ń tì í láti sọ ọ́ fún arúgbó kan ní Gẹ̀ẹ́sì!

Nígbà náà ni inú Ìbíyẹmí wá ru gan-an.

"Nǹkan oṣù mi ni mò ń ṣe," ó kígbe ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún un kígbe ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò gbọ́. Orin dákẹ́ nínú ilé. "Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára mi. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára mi lọ́jọ́ tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ náà, Ọlọ́run sì gbà á. Ta ló wá ní kò ní gbà á lónìí?"

Rosemary wò ó, ó wo Wòlíì. Ó sọ pé bó bá jẹ́ torí ìyẹn ni, òun náà ti ń gbá ilé yìí láti ìgbà ọmọge òun, kò sì sí oṣù tí òun kò wá. Ó mú Ìbíyẹmí ní apá, ó mú un wọlé.

Wòlíì yí padà sí ìjọ. "Ẹ jẹ́ ká jáde," ó ní. "Ibí ti di àìmọ́."

Wọ́n sì jáde. Ìbíyẹmí rò pé ẹnì kan á dúró, ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tó fọ sùtánà fún, nínú àwọn tó bá sin òkú, nínú àwọn tó bá gbé ọmọ tuntun jó. Ìyá Victoria gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá kí aṣọ wọn má baà kanra. Ìyá Jésùfẹ́mi ru kẹ́ẹ̀gì omi jáde. Ẹsẹ̀ lásán kì í dún lórí òkúta, nítorí náà wọ́n tán nínú ilé náà láìsí ariwo kankan. Tiwaladé nìkan ló kù, ó ti wá di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Mummy, don't cry. Mo wà níbí."

"N kò sunkún. Inú ló ń bí mi."

Adétáyọ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ kan nínú ilé, ẹsẹ̀ kan lóde. Ó wo Wòlíì tó ń pè é láti ìta, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ kọ̀ láti gbéra. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó, Ìbíyẹmí kò pe orúkọ ọkọ rẹ̀ rí. Kò sí ìyàwó tí wọ́n kọ́ dáadáa tó máa pè é.

"Adétáyọ̀!"

Orúkọ náà dún lára ògiri. Ọkùnrin náà ta gìrì.

"Mo ti fi sílẹ̀ títí, ó sú mi. Ìwọ náà, mú ọ̀kan. Níbí tàbí lọ́hùn-ún."

Ó pẹ́ kó tó gbé ẹsẹ̀. Ó pẹ́ débi pé Ìbíyẹmí ti yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, kó tó gbọ́ pé ẹnì kan kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òun. Kò wò ó. Kò ṣetán láti wò ó. Bí wọ́n bá délé, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ọkùnrin ló máa ń gbàdúrà ṣáájú nínú ìjọ wọn, àṣà sì ti mọ́ Adétáyọ̀ lára. "Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run," ó bẹ̀rẹ̀, "a dúpẹ́ lónìí ní orúkọ ìyàwó mi, pé..."

"Ẹ dákẹ́," ni Ìbíyẹmí wí. "Èmi wà níbí."

Ó dákẹ́. Ìbíyẹmí fa Tiwaladé mọ́ra, ó gbé ojú rẹ̀ tó pọ́n sókè.

"Ọlọ́run, Tiwaladé nìyí. Inú ń bí mi gan-an. Mo dúpẹ́."